Kọ̀ǹpútà Ilé Tó Ń Falẹ̀, Tí Háàdì Dísìkì Rẹ̀ Kò Sinmi

Kọ̀ǹpútà ilé tó ń falẹ̀, tí iná háàdì dísìkì rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró, jẹ́ ìṣòro tó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ tó ṣì ń lo háàdì dísìkì oníyìípo. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó tan tán. Áàpù tí wọ́n tẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣí, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù kì í tètè hàn, dísìkì náà á sì máa kùn nínú àpótí rẹ̀ kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kíkùn yìí fi hàn pé ohun kan ń bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ dísìkì ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí pé dísìkì náà ti ń rẹ̀wẹ̀sì débi pé iṣẹ́ kékeré ti ń di ẹrù wíwúwo fún un. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo ló jẹ́ nínú méjèèjì.

Bí dísìkì oníyìípo ṣe ń ṣiṣẹ́

IBM ló gbé háàdì dísìkì àkọ́kọ́, IBM 350, jáde lọ́dún 1956 fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń jẹ́ 305 RAMAC. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 24, síbẹ̀ nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni gbogbo wọn lè gbà. Dísìkì 1 TB tó ń wọ inú lápútọ́ọ̀pù lónìí ń gba nǹkan bí ìlọ́po 200,000 iye yẹn, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀. Àwo ń yí, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹnu apá yìí ni orí tó ń kọ, tó sì ń kà, wà.

Àwo dísìkì lápútọ́ọ̀pù sábà máa ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì máa ń yí nígbà 7,200. Ní 7,200, ìyípo kan ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 8.3. Kí dísìkì tó rí fáìlì tí wọ́n bèèrè, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn dé ojú ọ̀nà tó yẹ, èyí tó máa ń gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 9. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń dúró kí àwo yí ibi tí fáìlì wà dé abẹ́ orí, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 4 sì tún lọ. Nítorí náà, bí fáìlì bá fọ́n ká, bíi 75 sí 100 ìbéèrè péré ni dísìkì bẹ́ẹ̀ lè dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. RAM, níbi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ wà, ń dáhùn láàárín nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ńdì 100, ìyẹn ni pé ó yá ju dísìkì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000.

Èyí ló fà á tí dísìkì kan náà fi lè da fíìmù ńlá kọ ní ju 100 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò sì há bí áàpù mẹ́ta bá jọ ń bèèrè fáìlì kéékèèké láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíìmù wà lójú kan, apá dísìkì kò nílò láti máa sáré kiri.

Àìtó RAM

Nínú gbogbo ohun tó ń fa ìṣòro yìí, àìtó RAM ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Láti ìgbà kọ̀ǹpútà Atlas ti Yunifásítì Manchester, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1962, ni àwọn onímọ̀ ti wá ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi lè ṣe bí ẹni pé RAM rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Bí RAM bá kún, ẹ̀rọ á kó ohun tí wọn kò lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sínú dísìkì, á sì lọ kó o padà nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Lórí Windows, fáìlì tí wọ́n ń kó o sí ni pagefile.sys.

Ọgbọ́n yìí ń gbé iṣẹ́ níwọ̀nba. Ní 1968, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, Peter Denning, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ohun tí àwọn áàpù ń lò lẹ́ẹ̀kan náà bá ju RAM lọ. Ọ̀ràn kọ̀ǹpútà á wá dà bíi ti aláṣọ tí àtẹ rẹ̀ kò gbà ju ìgàn méjì lọ, tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì wà ní òpin ọjà: gbogbo oníbàárà tó bá bèèrè aṣọ, ó di dandan kó gbé ọ̀kan padà kó tó gbé òmíràn wá, gbogbo ọjọ́ á sì tán sórí ìrìn. Iná dísìkì kò ní kú, iṣẹ́ kò sì ní lọ síwájú.

Ìwọ̀n tó kéré jù tí Microsoft là kalẹ̀ fún Windows 10 oníbíìtì 64 ni RAM 2 GB. Ti Windows 11 sì jẹ́ 4 GB. Ìwọ̀n yìí wà fún kí ẹ̀rọ ṣáà lè tan ni. Bùráwúsà kan ṣoṣo tí táàbù pọ̀ lórí rẹ̀ lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni Windows ń ṣe láìsọ fún oníkọ̀ǹpútà. Windows Search ń ka fáìlì kí wíwá wọn lè yá. SysMain, tó ń jẹ́ SuperFetch nígbà tí Windows Vista gbé e dé, ń kó àwọn áàpù tí wọ́n máa ń lò sínú RAM ṣáájú. Windows Update ń gba àtúnṣe tuntun wọlé, Defender ń wá fáírọ́ọ̀sì, OneDrive tàbí Dropbox sì ń fi fáìlì ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows sórí ẹ̀rọ, àwọn iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí mélòó kan, wọn á sì dáwọ́ dúró fúnra wọn.

Aago 2 òru ni Windows yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ní àsìkò yẹn, iṣẹ́ náà á di ìgbà tó bá tún tan tí ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ní ibi tí iná mànàmáná kì í dúró, bíi ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tàn fún wákàtí kan tàbí méjì péré lójúmọ́ kì í parí iṣẹ́ wọ̀nyí. Ojoojúmọ́ ni gbèsè àná ń dúró dè é.

Sọ́fítíwíà méjì tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì lórí ẹ̀rọ kan náà tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí gbogbo fáìlì tí wọ́n bá ṣí ni àwọn méjèèjì á fẹ́ yẹ̀ wò. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ náà ń dá dísìkì lóró. Èyí tó léwu jù ni irú tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó ìtúsílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo fáìlì, kó sì tún wọn kọ. Bí orúkọ fáìlì bá ń yí padà bí dísìkì ṣe ń kùn, kíá ni kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì pa á.

Àìsàn dísìkì fúnra rẹ̀

Dísìkì tó kún dé ẹnu kì í rí àyè kó fáìlì sí lójú kan. Ó ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ síbi gbogbo, kíkà rẹ̀ sì ń di ìrìn-àjò. Windows òde òní ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí àyè bá ti wà fún un.

Èyí tó le jù ni ojú àwo tó ti bàjẹ́. Orí dísìkì ń fò lórí àwo ní ìwọ̀n nánómítà mélòó kan péré, nítorí náà lápútọ́ọ̀pù tó já bọ́ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè fara gbọgbẹ́ tí kò hàn síta. Bí dísìkì bá dé ojú tí kò lè kà, á tún un kà léraléra kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì dúró gbagidi ní gbogbo àsìkò yẹn. Ìró “kẹ́, kẹ́, kẹ́” tó ń tẹ̀ léra wọn jẹ́ àmì pé òpin dísìkì ti súnmọ́.

Ìwádìí

Ṣáájú ohunkóhun, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà fáìlì pàtàkì sórí dísìkì mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ láti ṣí Task Manager. Láti Windows 8 wá, ó ń fi hàn bí áàpù kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo RAM àti dísìkì. Ohun mẹ́ta ni èyí tó bá hàn níbẹ̀ lè túmọ̀ sí:

Bí RAM bá ti kọjá 90%, tí dísìkì náà sì wà ní 100%, RAM ni kò tó.

Bí RAM bá ṣì ṣẹ́kù dáadáa, tí áàpù kan ṣoṣo sì ń jẹ dísìkì ju ìyókù lọ, áàpù yẹn ni kí wọ́n mú.

Bí dísìkì bá wà ní 100%, ṣùgbọ́n tí ohun tó ń kà tàbí tó ń kọ kéré gan-an, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì láìsí áàpù tó ń dà á láàmú, dísìkì tàbí wáyà rẹ̀ ni kí wọ́n fura sí.

Fún ẹ̀kẹta yìí, SMART ni ẹlẹ́rìí. SMART ni àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀, áàpù ọ̀fẹ́ bíi CrystalDiskInfo sì lè kà á. Nọ́mbà 5 ń sọ iye ojú tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò, 197 sì ń sọ iye èyí tí kò tíì rí kà. Bí iye wọn bá ń pọ̀ sí i, dísìkì ń lọ nìyẹn. Kò bọ́gbọ́n mu láti lo chkdsk /r lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kó fáìlì kúrò, nítorí ó ń fi agbára ka gbogbo ojú rẹ̀, ó sì lè pa á pátápátá.

Àtúnṣe

Èyí tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó ló yẹ kó ṣáájú. Nínú Task Manager, wọ́n lè dá àwọn áàpù tó ń tan pẹ̀lú ẹ̀rọ dúró. Kí wọ́n yọ áàpù tí wọn kò lò, kí wọ́n fi sọ́fítíwíà kan ṣoṣo gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì dín ẹrù dísìkì kù títí àyè bíi 15% á fi ṣófo. Ẹ̀rọ tí kò tíì parí gbígba àtúnṣe tuntun ti Windows wọlé nílò kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóru kan, kó wà lójú iná, kó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí RAM kò bá tó, kí wọ́n fi kún un. DDR3 kì í wọ ojú ihò DDR4, Windows oníbíìtì 32 tó wà fún kọ̀ǹpútà ilé kò sì lè lo ju 4 GB lọ.

Àtúnṣe tó ń mú ìyàtọ̀ tó hàn jù wá ni kí wọ́n fi SSD rọ́pò dísìkì oníyìípo. Kò sí ohun tó ń yí nínú SSD. Èyí tó ń lo wáyà SATA ń ka nǹkan bíi 500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń dáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè tó fọ́n ká láàárín àsìkò kan náà. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa to fáìlì rẹ̀ jọ. Títò wọ́n jọ jẹ́ kíkọ tí kò nídìí, ìyẹn sì ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù.

Ẹni tó ń ra lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, lè bèèrè kí wọ́n ṣí SMART kó tó sanwó. Nọ́mbà 9 á fi iye wákàtí tí dísìkì ti lò lẹ́nu iṣẹ́ hàn án. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò UPS, ìyẹn ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé e ró bí iná bá lọ, nítorí iná tó lọ lójijì nígbà tí dísìkì ń kọ nǹkan lè ba fáìlì Windows jẹ́. SSD náà lè kú láìkọ́kọ́ pariwo, nítorí náà ẹ̀dà fáìlì lórí dísìkì mìíràn ṣì pọn dandan lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti ń yára.