"Kifáyà" ní Káírò, "Ó Tó Gẹ́" ní Ìlọrin: Ìtàn Ilé Arúgbó

Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ kan dìde ní ilẹ̀ Íjíbítì láti sọ fún ààrẹ wọn, Hosni Mubarak, pé kí ó gbéra. "Kifáyà" ni gbogbo ayé ń pe ẹgbẹ́ náà. Ẹ bi ọmọ kéwú èyíkéyìí ní Ìlọrin, kíá ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín: "Ó tó." Mubarak kò lọ nígbà náà. Ó di ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2011, lẹ́yìn tí èrò ti kún Gbàgede Tahrir ní Káírò fún ọjọ́ 18, kí ó tó gbé ipò sílẹ̀. Ó ti lo bí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ọdún 2019 ń bọ̀, àwọn ará Kwara náà sọ tiwọn, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́: "Ó tó gẹ́!" N kò sọ pé ẹnikẹ́ni lọ kọ́ ọ ní Káírò o. Ẹni tí nǹkan bá sú mọ bí yóò ti wí i ní èdè ìyá rẹ̀.

Ta ni wọ́n ń sọ ọ́ sí? Ìdílé Sàràkí ni. Olúṣọlá Sàràkí tí gbogbo ìlú ń pè ní Olóyè, dókítà oníṣègùn tí wọ́n bí ní 1933, ni aṣáájú ní Ilé Aṣòfin Àgbà láti 1979 sí 1983. Láti ìgbà náà, agbára káká ni ẹnì kan fi lè di gómìnà ní Kwara bí Olóyè kò bá fọwọ́ sí i. Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN ni ó gbè lẹ́yìn ní 1979. Nígbà tí àárín wọn dàrú, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn C.O. Adébáyọ̀ ti UPN ní 1983, Adébáyọ̀ sì wọlé. Mohammed Lawal ni ti 1999; àwọn náà jà, Olóyè sì fi Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní 2003. Ọdún 2011 ni eré wá dé ojú agbo. Olóyè fẹ́ kí Gbémisọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ ACPN. Bùkọ́lá ní rárá, Abdulfatah Ahmed ti PDP ni òun fẹ́. Ọmọ borí baba. Olóyè kú ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2012.

Ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan kọ́ ni ó gbé ọkùnrin yìí ró tó bẹ́ẹ̀. Ilé Arúgbó wà níbẹ̀, ní GRA, ní títì Ìlọfà. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti ń tò láti gba oúnjẹ àti owó. Àwọn alákọ̀wé máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọ́n ta ìbò wọn nítorí ìrẹsì. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ó mọ ìkòkò ní Òkèlele fún ogójì ọdún, ìwé owó ìfẹ̀yìntì wo ni ó ní lọ́wọ́? Ẹni tí ó bá fún un ní ìrẹsì ni ìjọba tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ di àánú ẹnì kan, a kì í sì í bi ẹni tí ń ṣàánú wa léèrè ìṣirò owó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2019, Bùkọ́lá, tí ó jẹ́ Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà nígbà náà, pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, AbdulRahman AbdulRazaq wọlé gómìnà. Ọmọ ẹni ńlá ni òun náà: bàbá rẹ̀, AGF AbdulRazaq, ni agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ láti gbogbo Àríwá.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi dé. Ìjọba tuntun ní ibi tí Ilé Arúgbó wà, ilẹ̀ ìjọba ni, pé ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ àti ilé ìwòsàn ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, àti pé wọ́n kàn gbé e fún ilé-iṣẹ́ Asa Investments láìsí ẹ̀rí pé ó san owó. Ìdílé Sàràkí ní irọ́ ni, ẹ̀san ni wọ́n ń gbà. Àwọn ìyá àgbà lọ sùn síbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ní ìdájí ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, kátapílà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Àwọn ìwé ìròyìn ní wọ́n yin tajútajú. Ilé sì di àlàpà.

Bahrain ni ọkàn mi lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2011, àwọn ará ìlú kékeré yẹn pàgọ́ sí oríta Pearl ní Manama láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ìdájí ni àwọn agbófinró ká wọn mọ́ ojú oorun níbẹ̀, ní ọjọ́ 17, wọ́n sì pa èèyàn mẹ́rin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ìjọba wó ère ńlá tí ó wà láàárín oríta náà, ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1982. Ó já lu awakọ̀ kan, àjèjì tí ó wá ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì pa á. Wọ́n yí orúkọ oríta padà. Àní owó ẹyọ tí àwòrán ère náà wà lára rẹ̀, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ìyàtọ̀ wà o, ìyàtọ̀ ńlá. Ní Manama, àwọn tí ń bá ìjọba jà ni ó ni oríta. Ní Ìlọrin, àwọn tí ó ti ṣe ìjọba rí ni ó ni ilé. Ìbọn fọhùn níbẹ̀ ju bí ó ti fọhùn níbí lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ìjọba Kwara jàre lórí ilẹ̀ náà pátápátá, kí ni ti òru? Ilẹ̀ kì í sá lọ. Ilé ẹjọ́ wà, ọ̀sán sì ń bẹ. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kọ́ ni ó kọ ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé, òun sì ni tajútajú kọ́kọ́ bá.

Lẹ́yìn náà, ìjọba AbdulRazaq dá ètò kan sílẹ̀ tí ó ń fún àwọn àgbàlagbà tálákà ní owó. Owó Arúgbó ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.