Ọjọ́ 222 Tí Ìjọba Gbẹ́sẹ̀ Lé Twitter ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter. Àwọn tó ń dáná sun iléeṣẹ́ ìjọba ní ìlà-oòrùn gúúsù ló ń bá wí. Ó mẹ́nu ba ogun Bìáfrà, ó ní èdè tó yé wọn làwọn yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Létí ẹni tó sin ọmọ nínú ogun yẹn, ìdúnkookò gbáà ni. Lọ́jọ́ kejì, Twitter pa á rẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 4, Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn, kéde pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé Twitter. Kò pẹ́ táwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, ní kí wọ́n máa pe ẹni tó bá ṣì ń lò ó lẹ́jọ́. Òfin wo ni wọn yóò fi pè é? Ilé aṣòfin kò ṣe òfin kankan lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù: iléeṣẹ́ ló ṣẹ ìjọba, aráàlú ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Ọ̀pọ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú VPN.

SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, àtàwọn mìíràn gba ilé ẹjọ́ ECOWAS l'Ábújá lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà kan náà, ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba má tíì fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, lẹ́yìn tí Twitter gbà láti forúkọ sílẹ̀, kí ó sì máa san owó orí. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìgbẹ́sẹ̀lé náà kò bófin mu, pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí kò sọ pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá yìí mọ́. Láti ọdún 2021 náà ni FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ń tọpa ìlànà tuntun tí WhatsApp gbé jáde lórí ìwífún àwọn tó ń lò ó. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni ín, lábẹ́ òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ojúsàájú wà lára ẹ̀sùn náà: ohun tí Meta kò jẹ́ fi dán ará ìlú mìíràn tó ní irú òfin wa wò, ó ń fi ṣe ọmọ Nàìjíríà. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fọwọ́ sí owó ìtanràn náà. Oṣù 38 ni ìwádìí yẹn gbà, FCCPC kò sì ti WhatsApp pa mọ́ ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ kan péré.