Àgbájọ Kọ̀ǹpútà Kékeré Tí Kì Í Pariwo: Ìtàn Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ ní Enugu Road, Sabon Gari, Kano

Ìfáàrà

Nígbà tí Yorùbá sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ ẹ̀dá ni wọ́n ní lọ́kàn. Síbẹ̀, inú òwe yìí ni a ti yá ọ̀rọ̀ tí a ó lò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mélòó kan pọ̀, tí a pín iṣẹ́ kan ṣoṣo fún wọn, tí wọ́n sì jọ ń ṣe é bí ẹni pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n, àgbájọ kọ̀ǹpútà ni a ó máa pè é. Ìtàn ìyára ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ nípa rẹ̀: ta ló ṣe èyí tó yára jù, ní ọdún wo. Ìtàn mìíràn wà nínú rẹ̀ tó kan àwa olùkọ́ ju ìyẹn lọ, ìyẹn ìtàn iná: iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, ooru tí ó ń tú jáde, àti ariwo rẹ̀.

Enugu Road ni a ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ìtumọ̀ Sabon Gari ní èdè Hausa ni ìlú tuntun. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Kano ni ìjọba amúnisìn ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tó bá rélùwéè wá, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò láti gúúsù. Orúkọ òpópónà ibẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn náà títí dòní: Yoruba Road wà, Enugu Road wà. Àyàlégbé kún inú ilé alájà lọ́tùn-ún lósì. Bí iná bá lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìyára ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ bá a fà á.

Ọ̀wẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, gbogbo ọwọ́ ló ń dà bo iṣẹ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Hausa ń pe èyí ní gayya. Ọ̀wẹ̀ ni àgbájọ kọ̀ǹpútà ń ṣe.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ọ̀wẹ̀ ẹ̀rọ gbajúmọ̀ ni Philip Emeagwali, ọmọ Igbo tí a bí sí Àkúrẹ́ ní 1954. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò nípa epo rọ̀bì tó ṣe lórí Connection Machine, ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ 65,536 nínú. Wọ́n ti fi àbùmọ́ kún ìtàn ọkùnrin yìí, wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé òun ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó ṣe gan-an tó fún wa láti fi yangàn. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni ìsọ̀rí tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn náà: iye iṣẹ́ tí a rí gbà lórí owó tí a ná.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwádìí ńláńlá nìkan ló lè rà á. Ní 1994 ni Thomas Sterling àti Donald Becker, ní ibùdó Goddard ti àjọ NASA ní Amẹ́ríkà, mú kọ̀ǹpútà 16 irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì sọ àgbájọ náà ní Beowulf, orúkọ akọni kan nínú ewì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ètò Linux tí a kì í sanwó fún ni wọ́n fi darí wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ láti ní tirẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Los Alamos ní 2002. Wu-chun Feng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to kọ̀ǹpútà 240 sínú àyè tí kò ju ti àgọ́ tẹlifóònù ojú pópó lọ. Green Destiny ni wọ́n pè é. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 3,200 wáàtì. Ilé ìkẹ́rù eléruku ni wọ́n gbé e sí, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí ooru ti máa ń tó ìwọ̀n 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò yára tó àwọn àgbà ẹ̀rọ ìgbà náà, àwọn kan kò sì kà á sí. Ṣùgbọ́n kì í dákú. Àlàyé Feng ni pé bí ooru ọpọlọ ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ó ṣeé ṣe kí ìdákú rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ tí ó ń jẹ iná díẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ń pẹ́. Eruku àti ooru: ta ni yóò ka èyí ní Kano tí kò ní mi orí?

Ní 2012 ni Raspberry Pi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì ìdánimọ̀ lọ, tí èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35. Kí ọdún náà tó parí, Simon Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southampton ti so 64 nínú wọn pọ̀. Bíríkì ìṣeré Lego ni wọ́n fi ṣe pẹpẹ wọn, ọmọ Cox tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà wà lára àwọn tó tò ó, ihò iná kan ṣoṣo lára ògiri sì ń bọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ní Enugu Road

Àwa olùkọ́ mélòó kan so Raspberry Pi mẹ́rin pọ̀ nínú yàrá kan ní Enugu Road. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 7. Bí a bá ka súwíìsì tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kò ju 35 lọ. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ fóòtì 12, tó sì gba 100 lórí ìwọ̀n ampere-hour, ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Ìdajì rẹ̀ péré ni a máa ń lò kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ìdajì yẹn lè gbé ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún nǹkan bí wákàtí 15. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan pẹ̀lú ojú rẹ̀, tó ń jẹ wáàtì 150, yóò pa bátìrì kan náà láàárín wákàtí mẹ́rin. Fóònù ọwọ́ wa ni a fi ń bá àwọn ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀.

A kò fi fáànù sí i. Irin alumíníọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Ní Kano, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ nìkan: fáànù ló ń fa eruku ọyẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹrin tí ooru ìta lè kan 40, a máa ń fi iṣẹ́ tó wúwo sí òru, nítorí pé ẹ̀rọ yìí máa ń dẹ ìrìn fúnra rẹ̀ bí ooru rẹ̀ bá kan 80. Ìyá kan tí a jọ ń gbé inú ilé náà yọjú wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí? Kò mà dún.” A ní, “Ó ń ṣiṣẹ́, Mọ̀mọ́.” Kò jọ pé ó gbà wá gbọ́. Ní Sabon Gari, ẹ̀rọ tí kò bá dún ti kú nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a má tan ara wa. Láǹtọ́ọ̀pù tuntun kan lè yára ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ohun tí láǹtọ́ọ̀pù kò lè fi han ọmọ NCE ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú àkójọ ìwé Yorùbá. Wọ́n pín ìwé náà sí mẹ́rin, kíkà rẹ̀ yára gan-an, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ìkẹyìn kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Ẹni mẹ́rin lè jọ bẹ iṣu kí ó yá, àmọ́ bí iṣu bá ti wọ ìkòkò, kò sí iye èèyàn tó lè mú un tètè jinná. Nígbà tí wọ́n yọ wáyà kan, tí wọ́n rí i pé mẹ́ta tó kù ń bá iṣẹ́ wọn lọ, a kò nílò àlàyé mọ́. Ní ọ̀pọ̀ iyàrá kọ̀ǹpútà tí a mọ̀, ẹ̀rọ wà, a fi aṣọ bò ó, nítorí pé kò sí iná tàbí owó epo. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni yóò sì lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Owó ni ìdíwọ́ tó kù. Ní 2012, dọ́là 35 jẹ́ nǹkan bí náírà 5,500. Ní 2024, nígbà tí dọ́là kan kọjá náírà 1,500, dọ́là 35 kan náà lé ní náírà 52,000, kí a tó san owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìdí nìyí tí a fi yà sí Beirut Road, níbi tí wọ́n ti ń ta láǹtọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kò wọ́n, àgbájọ kò sì nílò ojú. Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì dára, ó ti gbé iná tirẹ̀ wá. A ti fi méjì kún mẹ́rin tí a ní. Wọ́n ní fáànù, wọ́n sì ń dún díẹ̀. Nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni a ó mọ bí wọ́n ṣe lè fara da eruku sí, a ó sì gbé èsì rẹ̀ wá sí àpérò tó tẹ̀lé èyí.