Ọjọ́ Kan Nídìí Kọ̀ǹpútà Màmá ní Ìlórò-Èkìtì

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni iná NEPA dé sí Ìlórò-Èkìtì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lágbára. Gílóòbù pálọ̀ kàn pọ́n rúsúrúsú ni. Màmá mi kò tiẹ̀ kà á sí. Wọ́n ti jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n fẹ́ parí ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé fún, torí wọn ó kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bí fírísà inú kíṣìnnì ṣe gbéra báyìí, kọ̀ǹpútà kú pii. Kí Màmá tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ náà ti tan ara rẹ̀ padà, aago inú rẹ̀ sì ń sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 la wà.

Ohun tí mo fojú rí, ìwé jótà tí Ẹnjiníà tó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ nǹkan sí, àti àkọsílẹ̀ tí Windows ń pa mọ́ fúnra rẹ̀ ni mo fi to ọjọ́ náà pọ̀. Ti Windows kò ṣeé gbára lé fún gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà, torí bátìrì pẹlẹbẹ tó ń bá ẹ̀rọ rántí àkókò ti kú.

Kí aago méje tó lù, oògùn ti pọ̀ nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní fáírọ́ọ̀sì ni. Àbúrò mi pè láti Èkó, ó ní ká ra ráàmù tuntun. Aládùúgbò wa ní ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Kò sí èyí tó ṣí àpótí ẹ̀rọ náà wò nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an lowó ṣe ń wọgbó: èèyàn á ra ráàmù lóṣù yìí, á ra háàdì dísìkì lóṣù tó ń bọ̀, á wá lọ ra odindi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ míì ní Otigba n'Íkẹjà, ohun tó pa èkíní á sì tún pa èkejì.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ọ̀kadà já Ẹnjiníà sílẹ̀ láti Ìjerò.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí ti fẹ́ dá mi lójú tì láàárín ẹgbẹ́ o.”

“Kò ní dójú tì yín, Màmá. Ìgbà wo gan-an ló máa ń kú?”

Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ń bi wọ́n léèrè, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé tútù ló máa ń kú ni àbí gbígbóná? Kí ni wọ́n yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ sójú búlúù nígbà tó bá dákú? Màmá ní rárá, ojoojúmọ́ lọ̀rọ̀ ń yí. Wọ́n tún sọ ohun kan tí èmi ì bá má kà sí: tó bá di òru, tí gbogbo ìlú ti sùn, kọ̀ǹpútà máa ń ṣe dáadáa; tí ẹni tó ń lọ ata lẹ́yìnkùlé bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, wàhálà dé. Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

Aago mẹ́sàn-án, ó tú háàdì dísìkì kúrò, ó fi wáyà so ó mọ́ laptop tirẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì. Kò gbà láti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà Màmá. Ẹ̀rọ tí a ń fura sí ráàmù rẹ̀ lè ba fáìlì jẹ́ lójú ọ̀nà bó ṣe ń gbé e, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀. Dísìkì náà ń ka ìlera ara rẹ̀ pa mọ́. A wò ó, kò sí ojú kan tó kú lórí rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ Windows, orúkọ kan ṣáá ló ń jáde léraléra: Kernel-Power 41. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé ẹ̀rọ kú láìgbàṣẹ. Ẹni tó pa á kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, àpótí ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ fáànù, ìgbẹ́ ọmọńlé sì wà létí bọ́ọ̀dù. Ó fi ìka di fáànù mú kó má baà yí, ó sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú búlówà. Ìpara tó wà lábẹ́ fáànù ti gbẹ gbirigbiri, ó nù ún nù, ó fi òmíràn sí i. Bátìrì CR2032, tó yẹ kó mú 3V wá, ń mú 2.1 wá, ó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì sórí àwọn kàpásítọ̀ bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo orí wọn bóyá ó wú tàbí ó jo. Láàárín nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, àìmọye bọ́ọ̀dù jáde lágbàáyé pẹ̀lú kàpásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára, tí wọ́n ń bẹ́. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi tún èyí tó kàn wọ́n ṣe. Ti Màmá tẹ́jú, kò wú.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ó kan ráàmù. Ó fi írésà nu eyín wúrà ẹsẹ̀ ráàmù méjèèjì, ó sì tan Memtest86 láti orí fúláàṣì. Ètò yìí ti wà láti 1994. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí, á kọ nǹkan sí gbogbo ojú ráàmù, á tún kà á padà bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Ìlà pupa, àmì àṣìṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í tò sílẹ̀. Àbúrò mi tó ń pariwo ráàmù ì bá jó lọ́jọ́ náà.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé ọ̀gá lọmọkùnrin yìí rèé. Ó yọ ráàmù kan, ó dán èkejì wò lóun nìkan, ìlà pupa. Ó pààrọ̀ wọn, ìlà pupa. Ó sún wọn sójú ihò míì, ìlà pupa, kò sì sí ìgbà kan tó jẹ́ ojú kan náà. Ráàmù tó bàjẹ́ sábà máa ń ṣẹ̀ níbi kan pàtó. Ẹ̀yà méjì kì í sì í sábà kú papọ̀ lọ́jọ́ kan. “Màmá, ẹni tó ń bọ́ àwọn méjèèjì la máa bi léèrè.”

A jẹ iyán. Iná lọ, ó tún dé.

Aago méjì ku díẹ̀, ó ki mítà bọ ihò iná: 171V. 230 ni wọ́n là kalẹ̀ fún ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó wá kan wáyà yẹ́lò tó ti inú páwápáàkì tó ń pín iná fún ẹ̀rọ jáde, tó yẹ kó mú 12V wá, tí kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 11.4. Nígbà tí ẹ̀rọ jókòó jẹ́ẹ́, 11.7; bí ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀, 11.2. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú, mo rí i bí nọ́ńbà náà ṣe ń yọ̀ wálẹ̀.

Páwápáàkì máa ń kó iná pa mọ́ sínú kàpásítọ̀ ńlá, tó súnmọ́ 320V bí 230 bá ń wọlé. Bó bá jẹ́ 171, kò ju nǹkan bí 240 lọ. Nínú ìpamọ́ yẹn ló ti ń bọ́ bọ́ọ̀dù. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí 1000, ó yẹ kí páwápáàkì tó dáa lè gbé ẹ̀rọ dúró fún bíi 16 nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá ṣẹ́jú. Fírísà tó ń gbéra máa ń fa iná ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju ìgbà tó bá ti ń lọ geere. Ìpamọ́ tó ti lọ sílẹ̀ kò lè rù ú.

Ṣùgbọ́n ta lẹlẹ́bi nínú àwọn méjèèjì, iná ni àbí páwápáàkì? Ẹlòmíràn á dá NEPA lẹ́bi, á sì gbowó rẹ̀ lọ. Aago mẹ́ta, Ẹnjiníà ní ká tan jẹnẹrétọ̀. 226V wọlé. Kò yí nǹkan míì padà. Wáyà yẹ́lò tún jábọ́ sí 11.3, ìlà pupa sì tún yọ. Páwápáàkì ló ṣẹ̀. Iná tó rẹlẹ̀ kàn ń tì í lẹ́yìn ni.

Aago mẹ́rin, ọlọ́kadà gbé tuntun dé láti Ìjerò. Ẹnjiníà fọwọ́ gbé e wò ná bóyá ó wúwo, torí àwọn kan wà tí wọ́n kọ 500W sí lára tí kò sí nǹkan nínú wọn. Màmá ní kó bá wọn tún ti àtijọ́ ṣe. Ó kọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má ṣe tú u, torí iná tó lè pààyàn lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ihò.

Bó ṣe so tuntun, wáyà yẹ́lò mú 12.1 wá, kò sì wá sísàlẹ̀ 12.0 nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ó padà sórí iná NEPA tó rẹlẹ̀ yẹn, ó tan ìdánwò náà, ó ní kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìyípo ìdánwò kan tó mọ́ kò tó ẹ̀rí fún un. Títí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ìlà pupa kò yọ.

Iṣẹ́ ò tíì tán sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣàìsàn ni Màmá ti ń kọ owó onílé àti oníṣòwò sínú rẹ̀. Àṣìṣe ráàmù sì lè yí iye padà láìjẹ́ kéèyàn mọ̀: nínú ìbò oṣù karùn-ún 2003 ní Schaerbeek, ní Bẹ́ljíọ̀mù, kọ̀ǹpútà fún olùdíje kan ní ìbò 4096 tí ẹnikẹ́ni kò dì. Ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fi parí sí ni pé bíìtì kan ṣoṣo ló yí padà nínú ráàmù. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ ní ráàmù tó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Èyí tó wà nílé wa kò ní.

Nítorí náà, láti aago mẹ́jọ, laptop Ẹnjiníà wà níwájú mi, káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ń pe iye tó wà lórí káàdì, mò ń wo èyí tó wà nínú ẹ̀dà. Fáìlì kan kò ṣí rárá. A tẹ̀ ẹ́ láti orí ìwé. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, a kan obìnrin kan tí owó rẹ̀ nínú fáìlì kò bá ti káàdì mu. Bóyá ìka ló ṣì í tẹ̀ ni o, bóyá ráàmù ni, a kò lè mọ̀ mọ́. Màmá ní kí n kọ iye tó wà lórí káàdì, wọ́n sì fi bírò pupa sàmì sí orúkọ obìnrin náà, kí wọ́n lè fi hàn án fúnra rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.