Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Moe Norman àti Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá gba ọ̀nà tí a kò mọ̀ dé inú ọjà, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí a tó wo ẹrù tí ó rù. Ohun tí ojú Moe Norman, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, rí nídìí eré gọ́ọ̀fù nìyẹn.

Ìlú Kitchener ní ẹkùn Ontario ni wọ́n bí i sí ní 1929. Nígbà èwe rẹ̀, ó ń bá àwọn olówó gbé àpò ọ̀pá kiri pápá, eré àwọn ènìyàn ńláńlá sì ni gọ́ọ̀fù nígbà náà. Kò sí olùkọ́ tí ó jókòó tì í. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gbá ọgọ́rọ̀ọ̀rún bọ́ọ̀lù lójúmọ́, títí ó fi rí ọ̀nà tí ó bá ara rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà náà wò. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní gọ́ọ̀fù bí wọ́n ṣe sábà ń kọ́ni yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, apá rẹ̀ yóò rọ̀ wálẹ̀ láti èjìká, ọ̀pá yóò sì na jáde lọ sí ìdí bọ́ọ̀lù. Apá àti ọ̀pá kò sí lórí ìlà kan; wọ́n ṣe igun ní ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi ọ̀pá náà wálẹ̀ tagbáratagbára, eré tí orí ọ̀pá ń sá yóò fà á síta, ọwọ́ yóò sì gòkè ju ibi tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ipa ọ̀nà méjì nìyẹn: ọ̀kan nígbà ìmúrasílẹ̀, èkejì nígbà tí irin bá pàdé bọ́ọ̀lù. Àtúnṣe tí ó wà láàárín méjèèjì ni ara gbọ́dọ̀ ṣe láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá.

Moe kò fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe yìí. Ó la ẹsẹ̀ gbòòrò, ó na apá jáde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì di ọ̀pá mú sínú àtẹ́lẹwọ́ dípò ìka. Apá ọ̀tún rẹ̀ àti ọ̀pá wà lórí ìlà kan ṣoṣo kí ó tó fì í rárá. Ibi tí ó ti gbé e ni ó ń dá a padà sí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń lọ tààrà bí okùn tí a nà.

Ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn òṣèré tí kì í gba owó ní Kánádà ní 1955 àti 1956. Ìyẹn ni wọ́n fi pè é sí ìdíje Masters ní Augusta. Níbẹ̀, ní 1956, Sam Snead, ògbóǹtarìgì ará Amẹ́ríkà, fún un ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀pá irin gígùn. Moe fi ìmọ̀ràn náà gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí púpọ̀ títí ọwọ́ fi ń dùn ún, ó sì fi ìdíje náà sílẹ̀. Ní 1959, ó bá àwọn òṣèré Amẹ́ríkà díje fún ìgbà díẹ̀. Àwọn aláṣẹ bá a wí nítorí ìmúra àti àwàdà rẹ̀ lórí pápá, ó sì padà sílé. Ìtìjú náà kò kúrò lára rẹ̀. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn agbówó-ṣeré Kánádà ní 1966 àti 1974, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà nínú àìní. Ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Titleist tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là fún un lóṣooṣù, títí ó fi kú ní 2004.

Nígbà tí iyì dé, àwọn oníṣòwò kan dìde, wọ́n ń ta ọ̀nà Moe bí ẹni pé òun nìkan ni ó wọ ọjà. Ẹ̀yin òǹkàwé, àṣìṣe àwọn tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni wọ́n tún ṣe. Ben Hogan, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1957, ní kí òṣèré fi ojú inú wo gíláàsì pẹlẹbẹ tí ó fara ti èjìká láti ibi bọ́ọ̀lù: ọ̀kan fún ìgbésókè, òmíràn tí ó dà gbé ní ọ̀nà mìíràn fún ìsọ̀kalẹ̀. Ti Hogan jẹ́ méjì, ti Moe jẹ́ ọ̀kan. Síbẹ̀, Tiger Woods sọ nínú ìwé ìròyìn Golf Digest ní 2005 pé ẹni méjì péré ni ó ní ìfìpá tí a lè pè ní tiwọn ní tòótọ́: Moe Norman àti Ben Hogan.

Bryson DeChambeau, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì, náà gba ọ̀nà ìlà kan, ó sì fi gba ife-ẹ̀yẹ U.S. Open ní 2020 àti 2024. Ògbufọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n pe èyí tí òun ṣe. Wèrè ni wọ́n pe ti Moe. Ọ̀nà ibẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó ń rìn ín ni ayé wò.