Ìpamọ́ Oúnjẹ Gbígbóná ní Ilé Oúnjẹ

Ìpamọ́ oúnjẹ gbígbóná ni gbogbo ọ̀nà tí àwọn tó ń se oúnjẹ tà ń gbà tí oúnjẹ tó ti jinná fi ń wà ní gbígbóná, tí kì í sì í bàjẹ́, láti ìgbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ títí di ìgbà tí oníbàárà á fi jẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí síse, ó sì yàtọ̀ sí gbígbé oúnjẹ àná kaná. Ẹni tó ń dáná fún ilé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn án, torí bí oúnjẹ bá ṣe ń jinná ni wọ́n ń bù ú jẹ. Olóúnjẹ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdájí ló ti jí se ọbẹ̀, àwọn oníbàárà kan á dé láago méje àárọ̀, àwọn mìíràn ò ní yọjú títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, owó kan náà sì ni gbogbo wọn ń san.

Ohun méjì ni olóúnjẹ ń lé pọ̀: kí oúnjẹ má di àìsàn sí ẹni tó jẹ ẹ́ lára, kí adùn rẹ̀ má sì lọ. Àwọn méjèèjì kì í sábà rẹ́. Iná tí kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè náà ló ń gbẹ ìrẹsì, òun náà ló ń jẹ́ kí ewédú já.

Àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìfojúrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ti ń rí àyè bí sí i. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ nínú kókó márùn-ún tó gbé jáde lórí oúnjẹ tí kò léwu pé kí oúnjẹ sísè máa gbóná ju 60°C lọ títí wọ́n á fi bù ú, kó má sì jókòó sílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì. Ìwé ìlànà tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ gba 57°C. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn béèrè 63°C.

Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò ní tẹmọ́mítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi ọwọ́ kan ara ìkòkò, tàbí kí wọ́n kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n tọ́ ọ lá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Ọbẹ̀ tó wà ní 45°C ti gbóná lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọbẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ àyíká ìwọ̀n ooru yẹn gan-an ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Clostridium perfringens fẹ́ràn jù lọ. Inú erùpẹ̀ àti ara ẹran ló máa ń wà. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, ó máa ń ká sínú èèpo líle kan, omi híhó kì í sì í rí i pa. Ìgbà tí ìkòkò bá wálẹ̀ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Nínú ọbẹ̀ ẹran tó bá bá a lára mu, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ló fi ń sọ ara rẹ̀ di méjì. Kòkòrò kan láago mẹ́wàá lè ti di 64 láago mọ́kànlá, kó sì ti lé ní 4,000 láago méjìlá ọ̀sán. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tí èèyàn jẹun tán. Nítorí bó ṣe ń pẹ́ yìí, ẹni tó lùgbàdì rẹ̀ lè ti gbàgbé olóúnjẹ àná, kó máa dá ẹ̀kọ tó mu láàárọ̀ lẹ́bi.

Ti ìrẹsì tún yàtọ̀. Bacillus cereus ló ń bá ìrẹsì jà, ó sì ń tu oró sínú èyí tó bá jókòó pẹ́ láìgbóná tó. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì náà padà sórí iná, kòkòrò lè kú, oró ò ní kú. Èébì lè bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Bákan náà ni oró Staphylococcus aureus rí, èyí tó máa ń ti imú àti ojú egbò ẹni tó ń bu oúnjẹ wọlé. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó bàjẹ́ ni iná lè tún ṣe, kódà kó hó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní búkà àti lóde àríyá ilẹ̀ Yorùbá, kúlà ni ohun èlò tó wọ́pọ̀ jù. Fóòmù ló wà láàárín ike inú àti ike òde, afẹ́fẹ́ tó sì há sínú ihò wẹ́wẹ́ fóòmù náà ni kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Kúlà kì í dáná. Ooru tí oúnjẹ bá gbé wọlé nìkan ló ń pa mọ́. Ìrẹsì tó wọ̀ ọ́ bó ṣe ń ti orí iná bọ̀ lè wà ní gbígbóná fún wákàtí mélòó kan. Èyí tó wọ̀ ọ́ ní 50°C, àyè ni wọ́n kàn ń wá fún kòkòrò.

Àwọn alásè tó mọṣẹ́ kì í bu ìrẹsì sínú kúlà tútù. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi híhó sí i, wọ́n á dé e fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀rá tàbí fọ́ìlì sí i. Wọ́n á wá bu ìrẹsì sí i títí á fi kún dé ẹnu, torí kúlà tó kún kì í tètè tutù bí èyí tó ku ìlàjì. Wọ́n á ká ọ̀rá yẹn bò ó lórí kí omi tó ń kán láti ara ìdérí má bàa rẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí di ìgbà ìpín oúnjẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù, nítorí àwọn mọ̀lẹ́bí olóde á ti máa wá tọrọ abọ́ kan fún “bàbá àgbà” látàárọ̀. Ọ̀rá náà ní ewu tirẹ̀: èyí tí wọn ò ṣe fún oúnjẹ gbígbóná lè jẹ́ kí èròjà inú rẹ̀ wọ oúnjẹ. Ewé mọ́ínmọ́ín ò ní wàhálà yìí.

Àkókò ló ń dá alásè láàmú lóde àríyá. Igi ti wà lábẹ́ ìkòkò láti òru, ìrẹsì ti wọ kúlà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ìpín oúnjẹ lè má bẹ̀rẹ̀ títí aago méjì ọ̀sán. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn. FDA gbà kí oúnjẹ tó ti orí iná bọ́ sílẹ̀ wà láìsí iná lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, bí wọ́n bá ti kọ àkókò rẹ̀ sí i lára. Bó bá ti pé, kí wọ́n da èyí tó kù nù. Alásè tí mo bá máa gbé iṣẹ́ fún ni èyí tó pín ìrẹsì rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, tí ìkòkò kejì ń jinná lọ́wọ́ nígbà tí àwọn àlejò ń jókòó.

Gbígbé oúnjẹ lé omi gbígbóná ti pẹ́ láyé. Maria, obìnrin Júù onímọ̀ kẹ́mísírì ayé àtijọ́ ní Alexandria, ni wọ́n fi orúkọ bain-marie ilé ìdáná àwọn Faransé sọrí. Omi wà nísàlẹ̀, abọ́ oúnjẹ jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí omi ò sì lè gbóná kọjá 100°C, oúnjẹ ò ní jóná. Mọ́ínmọ́ín tó wà nínú ewé, tí omi ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ rẹ̀, ń jẹ nínú àǹfààní kan náà. Ní òtẹ́ẹ̀lì, abọ́ irin tó gùn ní mìlímítà 530, tó fẹ̀ ní 325, ni wọ́n ń tò sínú ẹ̀rọ bain-marie. Switzerland ni wọ́n ti fẹnu kò sórí ìwọ̀n náà ní 1964, kí abọ́ ilé iṣẹ́ kan lè wọ ẹ̀rọ òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń gbé ọbẹ̀ tútù sínú rẹ̀ pé kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà fún pípa ooru mọ́ ni, kò lágbára láti sáré gbé oúnjẹ kọjá ibi tí ewu wà. Ti fúláàsìkì ò gba àlàyé púpọ̀: James Dewar, ará Scotland, ló ṣe ìgò onípele méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín rẹ̀ ní 1892, gáàsì olómi tó tutù gan-an ló sì ṣe é fún, kì í ṣe ọbẹ̀.

Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Àmàlà tí wọ́n bá fi sílẹ̀ gbayawu, ojú rẹ̀ á yi. Bí iná bá sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí á jóná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ búkà Ìbàdàn fi ń rò ó léraléra, tí ìkòkò kan ń tán tí òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n á fi igbá kékeré tí wọ́n rì bọ omi bù ú sínú abọ́, wọ́n á sì yára dé ìyókù. Ewédú ò fẹ́ iná, kò sì fẹ́ ìdérí: bó bá pẹ́ lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á sì já, kò sì sí alámàlà tó fẹ́ gbọ́ pé ewédú òun já. Gbẹ̀gìrì máa ń ki, á dì mọ́ ìdí ìkòkò, ó sì tètè ń kan. Ọbẹ̀ ata ló rọrùn jù. Wọ́n á fa igi jáde, ẹ̀yinná á kù lábẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ á sì máa hó pẹ̀lẹ́ títí ọjọ́ á fi rọ̀. Àmọ́ omi ń gbẹ nínú rẹ̀, iyọ̀ ń le sí i, nítorí náà ọlọ́bẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ pé láàárọ̀, omi ẹran gbígbóná ló sì fi ń là á bó bá ki jù.

Ohun díndín ò gba ìdérí. Bí wọ́n bá dé dòdò tàbí ẹja díndín mọ́ kúlà, ooru rẹ̀ á di omi, á kán padà lé e lórí, èyí tó ń dún lẹ́nu tẹ́lẹ̀ á rọ̀. Oníàkàrà ti yanjú ìyẹn tipẹ́: bó ṣe ń dín ni ó ń tà. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Salvador ní Brazil, níbi tí acarajé, ọmọ ìyá àkàrà, ti ń hó nínú epo pupa lójú oníbàárà. Ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà ní 2005. Ohun tí wọ́n ń kì sínú acarajé, bíi vatapá, ló máa ń jókòó nínú abọ́ lórí tábìlì, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ fojú sí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ UAC dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ojú àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà wá mọ́ àpótí onígíláàsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀, tí mítípáì tò sí. Iná mànàmáná ló ń mú àpótí bẹ́ẹ̀ gbóná. Bí iná ọba bá lọ níbikíbi tí wọ́n ti ń lò ó, tí ọ̀gá sì ní kí wọ́n má tíì tan jẹnẹrétọ̀ nítorí owó epo, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìwọ̀n ooru tí kòkòrò ń fẹ́. Oníbàárà ò ní mọ̀, torí iná á padà dé kó tó wọlé. Ní Peckham ní London, níbi tí ilé oúnjẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ lè wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀ kó ti tẹmọ́mítà bọ inú ọbẹ̀, máàkì tó bá sì fún wọn, láti 0 dé 5, á wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún aráyé wò.

Bẹ́ẹ̀, ewu tó pọ̀ jù kì í wá lọ́sàn-án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn ni. Ìkòkò ńlá tí ọbẹ̀ ṣẹ́kù sí, tí wọ́n dé tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ààrò, lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóru. Ìlànà FDA ni pé kó sọ̀ kalẹ̀ láti 57°C dé 21°C láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 5°C kí wákàtí mẹ́rin mìíràn tó kọjá. Ìkòkò odindi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e sínú fíríìjì. Wọ́n ní láti dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ tí kò jìn, kí wọ́n gbé abọ́ náà sínú omi yìnyín, kí wọ́n máa rò ó. Búkà tí kò ní fíríìjì ò lè ṣe èyí, ohun tó kù fún un ni kó se ìwọ̀nba tó máa tán. Ọbẹ̀ tó bá sì sun inú fíríìjì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa láàárọ̀, kó dé 74°C kí wákàtí méjì tó pé, kó tó padà sórí ẹ̀yinná tàbí sínú ẹ̀rọ bain-marie. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé oúnjẹ kaná. Èyí tó bá tún ṣẹ́kù lálẹ́ ọjọ́ kejì, dídànù ni.