Èdè Yorùbá Lẹ́nu Ọmọ Wa: Ẹ̀kọ́ Tí Ifẹ̀ Kọ́ Wa

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ìgbà èwe wa, èdè ni olórí ẹ̀ṣọ́ náà. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, àgbà á pa àlọ́ àpamọ̀, àwa ọmọdé á já a, kí àlọ́ àpagbè tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó bá sì mọ̀ pé ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ ni àádọ́ta ti ń ṣe ìṣirò kí ó tó wọ ilé-ìwé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kì í sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìwádìí kan tí a ṣe nílẹ̀ wa ti dán ẹ̀rù yìí wò.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6. Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún 3, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 3 yòókù. Kí iṣẹ́ náà tó lè yọrí, wọ́n ní láti ṣe ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ìjọba kò dúró sójú kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i fún gbogbo ọdún 6. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó wọ́gi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ìjọba wọ́gi lé nílé-ìwé, kò lè wọ́gi lé e nínú yàrá wa. Ẹ jẹ́ kí a máa bá ọmọ wa sọ Yorùbá. Ọmọ tí kò gbọ́ àlọ́ lẹ́nu wa, èwo ni yóò pa fún ọmọ tirẹ̀ lọ́la?